Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ohun tí Ọkọ́ àti Katakata Ń Yí Padà Nínú Ilẹ̀ Oko

Láti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ni lẹ́tà ti ń wọlé sí abala yìí lórí ọ̀rọ̀ ìtúlẹ̀, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú yín sì ń fẹ́ mọ̀: ṣé kí á tú ilẹ̀ kí á tó gbin nǹkan sí i, tàbí kí á fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà? Mo yan lẹ́tà mẹ́rin, mo gé wọn kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò. Ìbéèrè karùn-ún tó wà nísàlẹ̀ pátápátá jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Láti agbègbè Ìṣẹ́yìn

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ilẹ̀ tí mo ń dá ti sinmi fún nǹkan bí ọdún méjìlá kí n tó gbà á. Katakata ni mo fi tú u lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbin àgbàdo sí i. Lọ́dún àkọ́kọ́ àgbàdo náà dúdú minimini, bẹ́ẹ̀ ni n kò fi ajílẹ̀ kankan sí i. Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń tú u bákan náà lọ́dọọdún, àmọ́ ewé ìsàlẹ̀ ti ń pọ́n bí ìyeyè láti ṣóńṣó wá sí àárín, ọmọ àgbàdo sì ń kéré sí i. Àwọn ará oko ní katakata ló gbóná jù fún ilẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

*Ìdáhùn:* Ẹ kú iṣẹ́ oko, sà. Àwọn tó ní katakata gbóná jù kò jìnnà sí òótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbígbóná irin ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tí irin náà ń fún láyè láti wọlé ni. Ní gbogbo ọdún méjìlá tí ilẹ̀ yín fi sinmi, ewé ń wọ́, gbòǹgbò ń kú sínú ilẹ̀, ekòló ń fà wọ́n sísàlẹ̀, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí sì ń jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi di ilẹ̀dú. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí wọ̀nyí ń mí gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń mí. Nígbà tí katakata bá dojú ilẹ̀ dé, tí ìtúlẹ̀ kejì sì fọ́ gbogbo ògúlùtu rẹ̀ kúnná, afẹ́fẹ́ a pọ̀ fún wọn yanturu, oúnjẹ tó ti fara pamọ́ sínú ògúlùtu a bọ́ síta, wọn a sì jẹ ẹ́ ní àjẹkì. Kábọ̀n inú ilẹ̀dú a bá afẹ́fẹ́ lọ, náítrójìn inú rẹ̀, oúnjẹ tó ń mú ewé dúdú, a kù sẹ́yìn, a sì di náítréètì, èyí tí gbòǹgbò àgbàdo ń fà mu. Ìdí nìyí tí àgbàdo yín fi dúdú lọ́dún àkọ́kọ́ láìsí ajílẹ̀. Kóló ni ẹ fọ́, owó inú kóló náà ni àgbàdo sì ná.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò owó náà. Erùpẹ̀ orí hẹ́kítà kan, láti òkè dé sẹ̀ǹtímítà 15 nísàlẹ̀, wúwo tó nǹkan bí 2,000 tọ́ọ̀nù. Bí kábọ̀n bá jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, 20 tọ́ọ̀nù nìyẹn, náítrójìn tó bá a rìn a sì máa súnmọ́ tọ́ọ̀nù méjì. Bí ìdá mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún náítrójìn yìí bá di ohun tí irúgbìn lè mu láàárín ọdún kan, kílò 60 ni, èyí tó ju ohun tó wà nínú àpò ajílẹ̀ yúríà méjì ààbọ̀ lọ, nítorí pé kílò 23 náítrójìn ló wà nínú àpò yúríà oníkílò 50. Títú ilẹ̀ léraléra ń jẹ́ kí ìdá tó ń jáde lọ́dọọdún pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò fi kọ́bọ̀ kan kún ohun tó wà nínú kóló. Lọ́dún karùn-ún, ẹ ṣì ń mì ín, kò dún mọ́. Pípọ́n ewé ìsàlẹ̀ láti ṣóńṣó wá sí àárín, bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, jẹ́ àmì àìtó náítrójìn, nítorí pé àgbàdo tí ebi rẹ̀ ń pa máa ń fa ti inú ewé àgbà láti fi bọ́ ewé tuntun.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sórí náítrójìn nìkan. Erùpẹ̀ ní agbára tó fi ń di kálísíọ́mù, magnísíọ́mù àti pòtásíọ́mù mú, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè di náítréètì mú rárá. Bí òjò ńlá bá dé nígbà tí gbòǹgbò àgbàdo kò tíì tó ohun tó lè mu gbogbo náítréètì tí ìtúlẹ̀ tú sílẹ̀, omi a gbé e lọ sí ibi tí gbòǹgbò kò lè dé. Kì í dá lọ, a máa fa kálísíọ́mù àti magnísíọ́mù lọ́wọ́. Èròjà kíkan ló máa ń gba àyè wọn, bí ilẹ̀ sì ṣe ń kan lọ́dọọdún nìyẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni da ọtí kíkan sí i.

Ìṣòro yìí le ju bó ṣe yẹ lọ ní Òkè-Ògùn àti agbègbè Ìbàdàn nítorí irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ibi, iyanrìn ló wà lókè, òkúta wẹ́wẹ́ àti yangí wà lábẹ́ rẹ̀, amọ̀ sì wà nísàlẹ̀. Irú amọ̀ yìí kì í lè di èròjà púpọ̀ mú, nítorí náà ilẹ̀dú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lókè ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdìmú náà. Ẹni tó bá sọ ilẹ̀dú nù níbẹ̀ ti sọ oúnjẹ àti abọ́ oúnjẹ nù pọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rattan Lal, ọmọ Íńdíà tó ṣiṣẹ́ láti ọdún 1970 dé 1987 ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1967, fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn omi àti erùpẹ̀ tó ń ṣàn kúrò lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ohun tó rí ni pé ilẹ̀ tí a tú tí a kò sì bò máa ń ṣàn lọ, ṣùgbọ́n èyí tí a kò tú, tí pòpórò àgbàdo sì bo orí rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan kan nù. Lọ́dún 2020 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn World Food Prize fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ẹ tún rántí pé ohun tó fúyẹ́ ni àgbàrá ń kọ́kọ́ gbé, èyíinì ni ilẹ̀dú àti amọ̀ kúnná, nítorí náà erùpẹ̀ tó lọ máa ń lọ́ràá ju èyí tó kù lọ.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo ni oko yìí, n kò ní lé katakata lọ lọ́dún yìí, nítorí pé táyà rẹ̀ ti lè ki ilẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún márùn-ún, gbòǹgbò yóò sì ṣòroó wọlé bí a bá kàn dáwọ́ ìtúlẹ̀ dúró lójijì. Ìtúlẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ng óò kọ́kọ́ yọ kúrò, ng óò sì rí i pé awakọ̀ dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, kì í ṣe pé kó máa tú u láti òkè sí ìsàlẹ̀. Ng óò fi pòpórò sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ng óò gbin ẹ̀wà sí ìdá kan oko náà lọ́dọọdún, ng óò sì dẹ́kun ìrètí pé ilẹ̀ yóò bọ́ àgbàdo láìsí ajílẹ̀. Ẹ tilẹ̀ dúpẹ́ pé katapílà kọ́ ni ẹ fi ṣí igbó náà. Mo mọ oko tí katapílà ti ti ilẹ̀dú àti igi jọ sí ẹ̀gbẹ́ oko, ẹni tó dé ibẹ̀ lọ́dún kẹta yóò rí i pé ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan ni àgbàdo ti dúdú, tí àárín oko funfun bí orí arúgbó.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹfà rèé tí n kò ti tú ilẹ̀ mi. Mo ń fi oògùn pa koríko, mo ń fi pòpórò bo ilẹ̀, mo sì ń da yúríà sórí rẹ̀ nígbà tí àgbàdo bá ga dé orúnkún. Láìpẹ́ yìí mo gbé erùpẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n ní pH, ìyẹn òṣùwọ̀n kíkan ilẹ̀, ti sẹ̀ǹtímítà márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ 4.9, ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 5.7. Wọ́n tún ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà mìíràn tí irúgbìn ń jẹ, pọ̀ lókè, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nísàlẹ̀. Ṣebí wọ́n kọ́ wa pé àìtúlẹ̀ ń wo ilẹ̀ sàn ni?

*Ìdáhùn:* Arábìnrin mi, inú mi dùn sí lẹ́tà yín ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí pé ẹ ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe: ẹ ya erùpẹ̀ òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ti pò wọ́n pọ̀ ni, wọn ì bá fún yín ní iye kan tó dà bíi pé kò burú, ẹ kì bá sì mọ̀ pé ibi tí èso yín ti ń hù ti kan. Òṣùwọ̀n pH kì í gùn bí òṣùwọ̀n aṣọ. Bí ó bá fi odidi kan wálẹ̀, kíkan ilẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Láti 5.7 sí 4.9 nínú oko yín ju ìlọ́po mẹ́fà lọ.

Yúríà ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú ilẹ̀ bá ń sọ ọ́ di náítréètì, èròjà kíkan ni wọ́n ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Nínú ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń lò, láìmù (ìyẹ̀fun òkúta ẹfun) kílò 1.8 ni a nílò láti pa kíkan tí kílò kan náítrójìn láti inú yúríà bá fà, èyí tó fi hàn pé àpò yúríà kan ń bèèrè nǹkan bíi kílò 41 láìmù lẹ́yìn rẹ̀. Ajílẹ̀ ammonium sulphate tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Lórí ilẹ̀ tí à ń tú, kíkan yìí máa ń pò mọ́ erùpẹ̀ títí dé sẹ̀ǹtímítà 15 tàbí 20, kì í sì í tètè hàn. Ní oko yín, ojú kan náà ni ẹ ń dà á sí fún ọdún mẹ́fà. Bí pH bá sì ti wá sísàlẹ̀ 5.5, alumíníọ́mù inú ilẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sínú omi, a máa ké ẹnu gbòǹgbò kúrú, gbòǹgbò a wá dà bí ìka tí iná jó. Ohun kan ṣì ń gbà yín sílẹ̀ díẹ̀: ilẹ̀dú tó pọ̀ lókè ilẹ̀ yín máa ń so alumíníọ́mù náà mọ́lẹ̀, nítorí náà ewu rẹ̀ kò tíì tó bí iye 4.9 náà ṣe lè dẹ́rù ba ènìyàn.

Ní ti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, kì í rìn. Ibi tí ẹ bá dà á sí náà ni ẹ óò bá a. Irin àti alumíníọ́mù inú erùpẹ̀ pupa máa ń dì í mú ṣinṣin, àìtúlẹ̀ sì dára ní apá yìí nítorí pé kò jẹ́ kí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pàdé erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ tó ń gbé e mì. Àmọ́ bí ọ̀dá bá dá fún ọ̀sẹ̀ méjì, ojú ilẹ̀ a gbẹ, gbòǹgbò a sì máa wá omi lọ sísàlẹ̀ níbi tí kò sí oúnjẹ, nígbà tí oúnjẹ wà lókè níbi tí kò sí omi.

Àwọn kan ti sọ àìtúlẹ̀ di ẹ̀sìn, wọ́n ní èèwọ̀ ni kí irin kan ilẹ̀ náà mọ́ láé. N kò sí lára wọn. Bí ilẹ̀ yín bá tẹ́ pẹrẹsẹ, mo rò pé ó tọ́ kí ẹ da láìmù sí i kí ẹ sì tú u lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti pò ó pọ̀, kí ẹ bò ó padà kíákíá, kí ẹ sì tún fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bó bá jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, ẹ má tú u. Ẹ máa da láìmù díẹ̀díẹ̀ sórí rẹ̀ lọ́dọọdún, nítorí pé láìmù kì í tètè sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ dẹ́kun dída yúríà sórí pòpórò. Ara ewé àti pòpórò tó ń jẹrà ní ohun tó máa ń sọ yúríà di amóníà kíákíá, òórùn rẹ̀ náà ni ti ìtọ̀ àtàná, owó yín ló sì ń fò lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí ẹ̀gbẹ́ ìdí àgbàdo, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ bò ó. Nǹkan bí kábọ̀n 60 sí náítrójìn ẹyọ kan ló wà nínú pòpórò, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó ń jẹ ẹ́ a sì máa yá náítrójìn inú ilẹ̀ lò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nítorí náà, ẹ lo díẹ̀ nínú ajílẹ̀ yín nígbà gbígbìn, kí ẹ má fi gbogbo rẹ̀ dúró de ìgbà tí àgbàdo bá kan orúnkún.

Ní ti pé àìtúlẹ̀ ń wo ilẹ̀ sàn, ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Kábọ̀n máa ń pọ̀ sí i lókè ilẹ̀ tí a kò tú, èyí kò ní àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n bí a bá gbẹ́ ilẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti ilẹ̀ tí a tú sábà máa ń dínkù, nítorí pé ìtúlẹ̀ náà máa ń bo díẹ̀ nínú ewé àti gbòǹgbò mọ́lẹ̀. Ohun tí ẹ fi bo ilẹ̀ yín ló ń wò ó sàn. Ilẹ̀ tí a kò tú tí a kò sì bò, tí oògùn koríko sì ti sọ ọ́ di gbayawu bí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sàn ju èyí tí katakata tú lọ.

Láti Ìkàrẹ́ Àkókó

Olóòtú, àgbà ni mí. Àwọn baba wa ṣán igbó, wọ́n sun ún, wọ́n kọ ebè, wọ́n sì jẹ iṣu. Kí ló dé tí ẹ̀yin alákọ̀wé fi ń bá iná wí?

*Ìdáhùn:* Bàbá, ẹ kú àgbà o. Iná kì í ṣe ọ̀tá pátápátá. Eérú ń mú kíkan ilẹ̀ rọlẹ̀, ó sì ń fún un ní kálísíọ́mù, magnísíọ́mù àti pòtásíọ́mù, ìyẹn sì ni iṣu rí jẹ. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú náítrójìn àti imí ọjọ́ inú ewé ló ń bá èéfín lọ, òjò sì máa ń tètè ṣan pòtásíọ́mù inú eérú lọ. Àwọn baba yín ní ilẹ̀ tó tó láti fi oko sílẹ̀ kí ó di igbó padà, ọ̀pọ̀ ọdún ìsinmi yẹn ló ń san gbèsè tí iná jẹ. Ẹni tó ń sun ojú kan náà lọ́dọọdún kò sí nínú àṣà wọn.

Ní ti ebè, mo kan sáárá sí wọn. Ìtúlẹ̀ ni ebè kíkọ, àmọ́ kíkó ilẹ̀dú jọ ló jẹ́, kì í ṣe dídojú rẹ̀ dé. Iṣu tó wà nínú ebè ń jẹ ilẹ̀dú tó nípọn tó ìlọ́po méjì ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tí poro tó wà láàárín ebè méjì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò, kí ó má bu inú ebè nìkan, nítorí pé ebè máa ń purọ́ fún gbogbo oko.

Láti ìtòsí Pobè, ní Benin

Ẹ kú iṣẹ́. Ilẹ̀ pupa wa níhìn-ín ti di ti koríko èkan. Bí mo ṣe ń fi ọkọ́ gé e tó ni ó ń pọ̀ sí i. Ṣé kí n háyà katakata?

*Ìdáhùn:* Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì háyà rẹ̀. Ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀ ni èkan fi ń bí, gbogbo ègé rẹ̀ tí ọkọ́ tàbí katakata bá gé ló lè hù padà, bí ó sì ti ń hù ni ẹ tún ń tú ilẹ̀ láti lé e, tí ilẹ̀dú sì ń jóná sí i. Orílẹ̀-èdè yín fúnra rẹ̀ ti ní ìrírí tó wúlò. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ń bá àwọn àgbẹ̀ gúúsù Benin gbin mùkúnà, ìbátan wèrèpè tí kì í yún ènìyàn lára. Ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ fi ṣe ni láti bọ́ ilẹ̀, ṣùgbọ́n pípa tí ó ń pa èkan ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ torí rẹ̀ gbà á. Ẹ gbìn ín sáàárín àgbàdo nígbà tí àgbàdo bá ti tó bí oṣù kan ààbọ̀, ẹ jẹ́ kó bo gbogbo ilẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, yóò fi òjìji pa èkan, yóò sì kú fúnra rẹ̀ ní ọ̀gbẹlẹ̀. Inú ewé gbígbẹ rẹ̀ ni ẹ óò gbin àgbàdo tó kàn sí láìtúlẹ̀.

Ó ń fa náítrójìn láti inú afẹ́fẹ́ nípasẹ̀ kókó gbòǹgbò rẹ̀, bí ẹ̀wà ṣe ń ṣe. Ewé rẹ̀ máa ń tètè jẹrà, nítorí náà ẹ tètè gbin àgbàdo lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi ni yóò mu náítrójìn yẹn. Kò lè dá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tàbí pòtásíọ́mù, èyí tó wà nílẹ̀ nìkan ni ó lè tún pín, pòtásíọ́mù sì wà lára ohun tó máa ń tètè wọ́n nínú ilẹ̀ pupa yín bí a bá ń gbin àgbàdo léraléra. Ẹ ó pàdánù àkókò gbígbìn kejì lórí ilẹ̀ náà, n kò ní fi èyí pamọ́ fún yín. Ẹ má sì ṣe se èso rẹ̀ bí ẹ ṣe ń se ẹ̀wà, ó ní èròjà tó lè ṣe ènìyàn níbi.

Láti ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín: báwo ni a ṣe ń bu erùpẹ̀ fún àyẹ̀wò?

*Ìdáhùn:* Ẹ pín oko sí apá tó jọra: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ́tọ̀, àfonífojì lọ́tọ̀, ibi tí a tú lọ́tọ̀, ibi tí a kò tú lọ́tọ̀. Ní apá kọ̀ọ̀kan, ẹ rìn ní kọ́lọkọ̀lọ, kí ẹ bu erùpẹ̀ níbi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, kí ẹ yẹra fún ibi tí ẹ ti dáná, ìdí ilé ikán àti ibi tí màlúù ti sùn. Lórí ilẹ̀ tí à ń tú, láti òkè dé sẹ̀ǹtímítà 15 tó. Lórí ilẹ̀ tí ẹ kò tú fún ju ọdún mẹ́ta lọ, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún àkọ́kọ́ sínú ike kan, kí ẹ fi èyí tó wà láti márùn-ún dé 15 sínú ike mìíràn, bí arábìnrin wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti ṣe. Níbi tí ebè bá wà, ẹ bu nínú ebè, kí ẹ sì bu nínú poro. Ike mímọ́ ni kí ẹ lò, kì í ṣe korobá onírin tó ti dípẹtà, kì í sì í ṣe àpò ajílẹ̀, nítorí pé ìyókù ajílẹ̀ tó wà níbẹ̀ yóò sọ aṣálẹ̀ di ilẹ̀ ọlọ́ràá lórí ìwé. Ẹ pò wọ́n, ẹ mú bí ìdajì kílò, ẹ sá a sí abẹ́ òjìji títí yóò fi gbẹ, kí ẹ sì kọ sára rẹ̀ ọjọ́ tí ẹ bù ú, bí ó ṣe jìn tó, àti ohun tí ẹ fi tú ilẹ̀ náà gbẹ̀yìn.